Ijó Orí Kúbùsù

Nígbà tí ọkùnrin náà ṣì ní ẹsẹ̀ tó ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, Òpó ni gbogbo ilé ijó ń pè é. Ó ga, èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, bó bá sì dúró sáàárín ìtàgé, ẹni tó bá ń wò ó á rò pé òun ló gbé òrùlé dúró. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pe ìyàwó rẹ̀. Kì í ṣe torí pé ó fúyẹ́ nìkan ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè wọ yàrá bá yín kẹ́ ẹ má mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wọlé, kẹ́ ẹ tó gbójú sókè, ó ti kó ìrìn yín, ó ti kó bí ẹ ṣe ń kọ́wọ́ sẹ́yìn àti bí ẹ ṣe ń fi èjìká kan ṣoṣo rẹ́rìn-ín. Ó ti di tirẹ̀ nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní iṣẹ́ nìyẹn. Ìyá àgbàlagbà tó ń kọ́ wọn níjó kì í ṣàlàyé ohunkóhun. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ijó á lọ dúró sẹ́yìn ẹni tó mọ̀ ọ́n, á máa wo ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀, á sì panu mọ́. "Ẹ má bi í o," ni ìyá náà máa ń wí. "Tẹ́ ẹ bá ti ní kó fi hàn yín, ara rẹ̀ á mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, á wá bẹ̀rẹ̀ fáàrí. Irọ́ lẹ máa kọ́ níbẹ̀. Ẹ jí i." Gbogbo wọn ló ń fojú jalè nílé ijó yẹn, ṣùgbọ́n Afẹ́fẹ́ ni ọ̀gá wọn.

Ibi tó ti ń jí ijó Òpó ló ti jí ọkàn rẹ̀, àbí ọkàn tirẹ̀ gan-an ni wọ́n jí, àwọn méjèèjì ò rí i yanjú títí wọ́n fi fẹ́ra. Ohun tó dá Afẹ́fẹ́ lójú ni èémí kan. Kí Òpó tó gbé e sókè, ó máa ń mí díẹ̀ sínú, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ pe orúkọ èèyàn tó wá yí ọkàn padà. Àwọn òǹwòran kì í gbọ́ ọ. Etí ìyàwó rẹ̀ nìkan ni èémí yẹn wà fún, bó bá sì ti gbọ́ ọ báyìí, gbogbo ara rẹ̀ á yọ̀ǹda bí aṣọ tí wọ́n ká kúrò lórí okùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n ń fi ijó kan dánra wò lórí ìtàgé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró kun pákó rẹ̀. Òpó gbé e sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ara rẹ̀ là á ju ẹrù ọwọ́ rẹ̀ nù. Òpó ò jù ú nù. Ó dì í mọ́ àyà, ó sì fi ìbàdí ara rẹ̀ gba ilẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Afẹ́fẹ́ dìde, kò tiẹ̀ ha lára. Òpó ò dìde. Dókítà to egungun ìbàdí náà bó ṣe lè tò ó mọ, lẹ́yìn oṣù gbọọrọ ní ọsibítù ni wọ́n tó gbé e wálé pẹ̀lú ọ̀pá kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún tí kì í gbéra àfi tó bá fọwọ́ gbá itan náà mú kó gbé e síwájú bí àpò ìrẹsì, àti ìrora tó jẹ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, torí ó máa ń fi eyín gé inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà jẹ.

Afẹ́fẹ́ ò gbà kí ọkùnrin mìíràn gbé òun sókè mọ́. Bó ṣe dèrò ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù nìyẹn. Ó kọ́kọ́ ń jó lẹ́yìn àwọn èèyàn ńlá, lára èrò tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Ẹni tó kọ́kọ́ wò ó ni dírẹ́kítọ̀ kan, ọkùnrin kúkúrú tí kì í yọ igi ìṣáná lẹ́nu. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ níbi tí oníkálukú máa dúró sí kí kámẹ́rà lè rí i. Gbogbo àwọn òṣèré ló ń dọ́gbọ́n wolẹ̀ wá àmì náà bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Afẹ́fẹ́ ò wolẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bọ́ sórí àmì rẹ̀ láìyẹ̀, bí wọ́n ní kó tún un ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú, ibẹ̀ náà ló máa bọ́ sí.

"Ìwọ yẹn," dírẹ́kítọ̀ fi igi ìṣáná ẹnu rẹ̀ tọ́ka sí i, "ta ló bí ẹ?"

"Oníjó ni mí, Ọ̀gá."

"Mi ò bi ẹ́ níṣẹ́. Ó dáa, máa bọ̀ lọ́la. Wàá gbé omi fún ẹnì kan mu."

Ó gbé omi fúnni mu nínú fíìmù kan, ó ṣe nọ́ọ̀sì nínú òmíràn, ó ṣe ìyàwó ilé tí wọ́n gbàgbé sí ibùdókọ̀. Òpó wà nílé lẹ́bàá fèrèsé, ó ń bá àwọn oníjó ìlú tún bàtà wọn ṣe, gọ́ọ̀mù ń rùn, ìṣó ń bẹ láàárín eyín rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ á dé, á sín gbogbo àwọn tó bá pàdé lójú ọ̀nà jẹ fún un, Òpó á rẹ́rìn-ín títí ìṣó á fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìfẹ́ wọn wà níbẹ̀. Ó kàn jókòó ni, kò lè jó mọ́.

Nígbà tó yá, dírẹ́kítọ̀ gbé iṣẹ́ ńlá fún un: obìnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bà jẹ́, tí gbogbo ayé rẹ̀ wá kù sí yàrá kan. Afẹ́fẹ́ ò fi èyí pa mọ́. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ nídìí tábìlì bàtà.

"Olówó orí mi, obìnrin tí wọ́n ní kí n ṣe yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dáa."

"Ẹsẹ̀ ta ló wá dáa nílé yìí?"

"Má fi mí ṣeré. Ìrìn rẹ ni mo fẹ́ lò."

Òpó yọ ìṣó lẹ́nu. Ó wò ó títí, ó wá rẹ́rìn-ín. "Mú un máa lọ. Ẹsẹ̀ tí ò wúlò fún mi, ó lè wúlò fún sinimá. Ṣáà bá mi dá a padà nírọ̀lẹ́, mo fẹ́ fi dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ìrìn nìkan ló tọrọ. Ìrìn nìkan ni wọ́n fún un.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Òpó ò mọ̀ pé ìyàwó òun ní lọ́wọ́. Ọdún tó kúrò ní ọsibítù, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sínú báfù, Afẹ́fẹ́ padà wá mú tówẹ́ẹ̀lì. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí díẹ̀, dígí ara ògiri sì gbé ọkọ rẹ̀ wá síwájú rẹ̀. Òpó jókòó lórí ibùsùn, kúbùsù bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dúró gbọn-in lórí kúbùsù náà. Ìka méjì ọwọ́ òsì ń sáré bọ̀ láti apá kejì, wọ́n ń tiro, wọ́n ń yí po, wọ́n wá fò. Ọwọ́ ọ̀tún gbà wọ́n, ó gbé wọn sókè pátápátá, ó sì ń gbé wọn yí lọ lójú òfuurufú. Kó tó gbé wọn, ó mí díẹ̀ sínú. Èémí yẹn gan-an ni. Afẹ́fẹ́ dúró síbẹ̀ títí omi fi kún jáde nínú báfù.

Kò sọ fún un. Gẹ́gẹ́ bí oníjó, bó ṣe mọ̀ ọ́n ni pé tó bá sọ̀rọ̀, nǹkan náà á bà jẹ́: ara Òpó á mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Nítorí náà ló ṣe ń wò ó láti inú dígí, láàárọ̀ tó bá ṣeé ṣe, ó ń fẹ́ ẹ sí i, ó sì ń panu mọ́. Ó pè é ní ìfẹ́, ìfẹ́ náà sì ni. Àìsàn ti fọwọ́ kan gbogbo ara ọkùnrin yìí, dókítà ti fọwọ́ kàn án, àánú àwọn ará àdúgbò ti fọwọ́ kàn án. Ijó orí kúbùsù yẹn nìkan ló kù tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì kàn.

Ọjọ́ tí wọ́n ń ya ìran ibùsùn, dírẹ́kítọ̀ ò gba ohunkóhun láti àárọ̀. "Ẹkún yìí pọ̀ jù," ló ń wí. "Mo ti rí ẹkún. Ìyá mi gan-an máa ń sunkún. Fún mi ní nǹkan tí mi ò rí rí." Ó ti rẹ Afẹ́fẹ́. Iná gbígbóná wà lójú rẹ̀, kúbùsù wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Ẹni tó bá ti fara ṣe nǹkan kan dé ìdajì, ara á máa bá a lọ síbi ìyókù. Ìka rẹ̀ dìde. Wọ́n jó. Kó tó gbé wọn sókè, ó mí díẹ̀ sínú.

Oníkámẹ́rà ń fi apá aṣọ nu ojú. Dírẹ́kítọ̀ yọ igi ìṣáná lẹ́nu, ohun tí wọn ò rí i kó ṣe rí.

"Ibo lo ti rí ìyẹn?"

"Ó ṣáà wá ni, Ọ̀gá."

Lọ́jọ́ kejì, Afẹ́fẹ́ padà lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun yọ ijó ìka náà kúrò.

"Yọ kí ni?" dírẹ́kítọ̀ wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ ti dàrú. "Ìyẹn ni fíìmù náà. Èyí tó kù, àpótí tá a fi gbé e ni. Àbí ẹnì kan ló ni ín?"

Ó yẹ kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn, kò sì wúwo. "Rárá," ló sọ.

Kí fíìmù náà tó dé gbọ̀ngàn sinimá rárá, àwọn adájọ́ ti wò ó, wọ́n sì ní Afẹ́fẹ́ wà lára àwọn tó ṣeé ṣe kó gba àmì ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó dáa jù. Wọ́n ní kó mú ọkọ rẹ̀ dání lọ́jọ́ tí wọ́n máa pín àmì ẹ̀yẹ náà. Ẹ̀gbọ́n Òpó obìnrin, tó máa ń wá bá wọn tún ilé ṣe, ló wá lọ aṣọ fún un lọ́jọ́ náà. Ẹnu ẹ̀gbọ́n yìí mú, ojú rẹ̀ sì mú jù ú lọ. Ó bá Afẹ́fẹ́ nílé ìdáná tó ń nu ife kan ṣoṣo.

"Ìyàwó wa, ife yẹn ti mọ́ o. Tó o bá tún nù ún, ó máa lu. Kí ló dé?"

Afẹ́fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n gbé áyọ́ọ̀nù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé wọ́n máa fi ibẹ̀ hàn lónìí?"

"Mi ò mọ̀. Wọ́n ní apá kan ni wọ́n máa fi hàn."

"Wọlé lọ sọ fún un báyìí. Tó bá máa bínú, inú ilé ni kó ti bínú, níbi tó ti lè jókòó. Má jẹ́ kó jẹ́ àárín èèyàn."

Ó wọlé. Òpó wà níwájú dígí, ó fi ọ̀pá ti ara, ó ń de táì. Láti ọdún tó ṣubú, Afẹ́fẹ́ ò rí i kó dúró ṣánṣán bẹ́ẹ̀. Ó ti fi òróró pa irun rẹ̀. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán bàtà rẹ̀ méjèèjì, tòun ti èyí tí kì í gbéra.

"Wọ́n máa bi mí pé iṣẹ́ kí ni mò ń ṣe," ó wí sínú dígí. "Màá ní èmi ni ọkọ rẹ̀. Tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kó tẹ́ wọn. Kí lo fẹ́ sọ? O ya ẹnu sílẹ̀."

Afẹ́fẹ́ wo ojú tó fẹ́ràn yẹn. Ayọ̀ wà níbẹ̀, kò sì ní ọwọ́ tó lè fi pa á.

"Táì rẹ wọ́," ló sọ, ó sì bá a tún un ṣe.

Gbọ̀ngàn náà kún fún òórùn lọ́fínńdà àti ìmọ́lẹ̀. Wọ́n fi Òpó sí ìjókòó tó wà létí ọ̀nà kó lè na ẹsẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ọwọ́ wọn wà nínú ara wọn. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ fíìmù rẹ̀, iná kú, ojú sinimá sì là. Obìnrin kan fọwọ́ gbá itan rẹ̀ mú, ó gbé e síwájú. Òpó rẹ́rìn-ín, ó tẹ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, bí ẹni ń sọ pé, wo ẹsẹ̀ mi. Lẹ́yìn náà ni ibùsùn dé. Kúbùsù dé. Ìka dìde.

Ọwọ́ tó wà nínú ọwọ́ Afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ tutù. Ó wá rọra jáde níbẹ̀, kò sì padà.

Wọ́n pè é pé òun ló gba àmì ẹ̀yẹ. Ó dìde, kò mọ bó ṣe dé orí ìtàgé. Apanilẹ́rìn-ín kan ló ń darí ètò, ó gbé ère dídán náà lé e lọ́wọ́, ó sì yíjú sí èrò. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ká jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀? Màdáámù, ẹ bá wa fi ìka yẹn jó díẹ̀." Gbogbo gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ náà sì bọ́ sí ìlù kan. Iná wà lójú Afẹ́fẹ́, kò rí ìjókòó ọkọ rẹ̀. Láti kékeré ni ara rẹ̀ ti mọ ìtumọ̀ àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Kó tó pinnu ohunkóhun, ó ti gbé ère náà sílẹ̀, ìka rẹ̀ ti wà lórí tábìlì tó wà níwájú rẹ̀, wọ́n ń sáré, wọ́n ń fò.

Ìgbà tó gbé wọn sókè ló rí òjìji ẹnì kan tó dìde létí ọ̀nà. Ẹni náà fọwọ́ gbá itan mú, ó gbé e síwájú. Ó tún gbé e síwájú. Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ẹ wo ọ̀gbẹ́ni yẹn," apanilẹ́rìn-ín wí nínú gbohùngbohùn. "Fíìmù ò tíì jáde, wọ́n ti ń sín in jẹ. Ọ̀gbẹ́ni, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ gbìyànjú, àmọ́ ẹ ò tíì ṣe é tó obìnrin yìí."

Ẹ̀rín náà gba gbogbo gbọ̀ngàn. *Ọkọ mi nìyẹn.* Gbólóhùn yẹn wà lẹ́nu Afẹ́fẹ́, gbohùngbohùn sì wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ́, gbogbo ayé á mọ ibi tó ti rí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbé ère fún un. Ó dúró. Ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn jìn sí ẹni tó ń fọwọ́ gbé ẹsẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un títí tó fi jáde.

Afẹ́fẹ́ bá a nílé, nídìí tábìlì bàtà, tòun ti táì lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n wò wọ́n, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ jókòó sí ìta. Òpó ò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá rọrùn.

"O máa ń rí mi."

"Mo máa ń rí ẹ."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún tó o dé láti ọsibítù."

Ó mi orí. "O wá dúró sẹ́yìn mi, o panu mọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wa." Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó ń wò ó bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. "Ṣó o mọ ẹni tí ọwọ́ yìí jẹ́? Ìwọ ni. Ìwọ ni mò ń fi í ṣe, kì í sì í dáa tó, ìka mi nípọn jù. Ká ní o kàn wọlé lọ́jọ́ kan, ojú ì bá tì mí díẹ̀, a ì bá sì rẹ́rìn-ín, o ì bá wá jókòó, o ì bá gba ipò rẹ. Gbogbo ọdún yìí, Afẹ́fẹ́. A ì bá ti jọ máa jó."

Afẹ́fẹ́ kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀, láàárín awọ àti ìṣó. "Jọ̀ọ́. Jẹ́ ká ṣe é báyìí."

Òpó gbìyànjú. Ìka méjì dìde, wọ́n sùn padà.

"Mo ti dán an wò nínú ọkọ̀ tó gbé mi bọ̀," ó wí. "Kò lọ mọ́. Bí ẹni pé èmi ni mò ń sín ẹ jẹ. Ìrìn pàápàá. Mo rìn jáde níbẹ̀, wọ́n ní mi ò ṣe é tó ẹ."

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ìran ìka náà ti dé inú fóònù gbogbo èèyàn. Òpó kó lọ sí yàrá kejì, ó sì ní kí wọ́n pe kápẹ́ńtà wá, kó bá òun fi irin tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn sí i, láti inú.

"Àbúrò, tó o bá ṣubú ńkọ́?" ẹ̀gbọ́n bi í. "Ta ló máa ráyè wọlé?"

"Tí mo bá ṣubú, màá wà nílẹ̀."

Kápẹ́ńtà dé, ó rí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un, inú rẹ̀ dùn débi tó fi fi ìka méjì jó lórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. "Màdáámù, àwọn ọmọ mi ò jẹ́ ká gbádùn, orí tábìlì oúnjẹ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ bá mi di ilẹ̀kùn yìí mú dáadáa." Afẹ́fẹ́ di ilẹ̀kùn mú. Ó dì í mú títí ìṣó tó gbẹ̀yìn fi wọlé, ère àmì ẹ̀yẹ sì wà ní pálọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Òpó ṣubú láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò tíì pẹ́ lẹ́yìn náà. Afẹ́fẹ́ ń po tíì nílé ìdáná nígbà tó gbọ́ bí ọ̀pá ṣe kọ́kọ́ balẹ̀, tí ara sì tẹ̀ lé e. Ó sáré débẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, irin náà ò yẹ̀.

"Olówó orí mi, màá pe kápẹ́ńtà. Màá ní kí wọ́n já a."

"Má pe ẹnikẹ́ni." Ohùn rẹ̀ wá láti ilẹ̀, nítòsí gan-an. "Mo fẹ́ dìde."

Ihò kọ́kọ́rọ́ wà níwájú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ sì ń gba ibẹ̀ jáde bí okùn tín-ín-rín. Afẹ́fẹ́ mọ̀ pé tí òun bá tẹ̀ ba, òun á rí i: ọwọ́ tó máa kọ́kọ́ di ẹsẹ̀ ibùsùn mú, èjìká tó máa ṣáájú, bó ṣe máa gé inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ. Gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ó yí ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó fi orí tì í, ó sì di ojú méjèèjì.

"Mo ti kọ ẹ̀yìn síbẹ̀," ó wí.

Fún ìgbà pípẹ́, aṣọ ló ń wọ́ nílẹ̀, àti igi tó ń dún, àti nǹkan kan tó yọ̀ tó tún padà bọ́. Tíì ti tutù. Níkẹyìn, ibùsùn ké díẹ̀ lábẹ́ èèyàn, ó sì dákẹ́.

Afẹ́fẹ́ ń retí pé kó sọ pé òun ti dìde. Ó retí retí, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì.